Ẹ̀yin Òbí, Ẹ Jẹ́ Kí A Ṣọ́ Àwọn Ọmọ Wa Lọ́wọ́ Ewu Omi Inú Ilé

Omi kò ní ọ̀tá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà máa ń wí. Òun ni a fi ń ṣe àlùwàlá, òun la fi ń dáná, òun náà la fi ń wẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n omi yìí kan náà lè gba ẹ̀mí ọmọ kékeré láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) sọ nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní ìparí ọdún 2024 pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni omi pa káàkiri ayé ní ọdún 2021. Nínú ẹni mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún.

Nílẹ̀ Rẹ́mọ, bí a bá ti dárúkọ ewu omi, odò Ibu ní Ṣágámù tàbí odò Uren ní Ìkẹ́nnẹ́ ni ọkàn wa máa ń lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn kò lè dá dé odò. Omi tó sún mọ́ ọn ni kànga ẹ̀yìnkùlé, dúrọ́ọ̀mù àti garawa ìfọṣọ. Orí ọmọ kékeré wúwo. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ wo inú garawa tó sì fi orí wọ̀ ọ́, kò lágbára láti gbé ara rẹ̀ jáde. Omi díẹ̀ tó bo imú àti ẹnu ti tó, kò sì ní lè ké tí a ó fi gbọ́.

Kí ni kí á ṣe?

Kànga: Ẹ jẹ́ kí ògiri ẹnu rẹ̀ ga, kí ó ní ìdérí irin àti àgádágodo. Páànù tí a kàn gbé lé e kì í ṣe ìdérí, ọmọ lè gun orí rẹ̀ kó já wọlé. Ẹ má fi àpótí tàbí búlọ́ọ̀kù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Garawa àti dúrọ́ọ̀mù: Bí a bá fọṣọ tán, kí á da omi nù, kí á dojú garawa délẹ̀. A mọ̀ pé omi ṣọ̀wọ́n, kò ṣeé dànù tán. Èyí tí a fẹ́ tọ́jú, ẹ jẹ́ kó wà nínú kẹ́ẹ̀gì tí ẹnu rẹ̀ kéré, tàbí nínú dúrọ́ọ̀mù tí ìdérí rẹ̀ le pinpin.

Ẹni tí yóò wo ọmọ: Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Níbi ìsọmọlórúkọ tàbí ọjọ́ Iléyá, àgbà pọ̀ nílé, oníkálùkù sì rò pé ẹlòmíràn ń wo ọmọ. Ọmọ tí gbogbo ènìyàn ń wò, ẹnikẹ́ni lè má wò ó. Ẹ yan ẹnì kan, kí ẹ sì sọ ọ́ lẹ́nu: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ń wo àwọn ọmọ títí a ó fi kírun tán." Kí onítọ̀hún gbé fóònù sílẹ̀. Ọmọ ọdún méje kọ́ ni kí á fi àbúrò rẹ̀ tì.

Ní orílẹ̀-èdè Bangladesh, níbi tí omi pọ̀ láyìíká ilé, wọ́n dá ibi ìtọ́jú ọmọdé sílẹ̀ ládùúgbò láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán, àsìkò tí ọwọ́ àwọn ìyá máa ń dí. Ikú omi dínkù gidigidi láàárín àwọn ọmọ tó ń lọ síbẹ̀.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ẹ yọ ọmọ jáde, ẹ ké fún ìrànlọ́wọ́. Ẹ má dorí rẹ̀ kodò, ẹ má sì tẹ ikùn rẹ̀. Bí kò bá mí, ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ tó le, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀marùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ kíákíá nígbà 30, kí ẹ tún fẹ́ atẹ́gùn lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí yóò fi mí tàbí tí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Bí ó tilẹ̀ jí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. OOUTH wà ní Ṣágámù.

Ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́hun kò ní kí á má ṣọ́ra. Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí. Kí ilẹ̀ òní tó ṣú, ẹ wo ẹ̀yìnkùlé yín. Kí Ọlọ́hun bá wa dá àwọn ọmọ wa sí. Àmín.