Àìsàn tó ń gba agbára lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọwọ́: Dírípù tuntun ti dé, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kọjá àfẹnusọ

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá télọ̀ kan n'Ibefun, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Odògbolú, ṣe àpẹẹrẹ. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n ṣe Ojúde Ọba n'Ìjẹ̀bú-Òde, aṣọ rẹgbẹ́rẹgbẹ́ kan sì wà nílẹ̀ tó ń dúró de abẹ́rẹ́. Láàárọ̀, ọwọ́ ìyá yìí ń yá bó ṣe máa ń yá. Tó bá di ọ̀sán, ìpéǹpéjú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, abẹ́rẹ́ kan á di méjì lójú rẹ̀. Tó bá fi máa di alẹ́, apá rẹ̀ kò ní í lè gbé áyọ́ọ̀nù mọ́, ọ̀rọ̀ á máa fà lẹ́nu rẹ̀, àti gbé oúnjẹ mì á di ìṣòro. Tó bá sùn, tílẹ̀ mọ́, ara á tún yá díẹ̀. Bó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ padà, ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀.

Kí làwọn èèyàn máa sọ? Àwọn kọ́sítọ́mà á ní ó ti ya ọ̀lẹ. Àwọn mìíràn á ní oorun ló ń kùn ún, nítorí ojú rẹ̀ tó ń pa dé. Àwọn ará ilé á ní ọwọ́ ayé ni, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í náwó kiri. Bẹ́ẹ̀, ohun tó ń ṣe é ní orúkọ nílé ìwòsàn. Myasthenia gravis ni àwọn dókítà ń pè é.

Àìsàn yìí kò wọ́pọ̀, a kò sì kọ ọ́ láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó wà nílẹ̀ wa. Lọ́dún 2004, àwọn dókítà mẹ́ta, Ojini, Danesi àti Ogun, kọ àbájáde ìwádìí wọn sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, lórí àwọn tí àìsàn náà ń bá fínra tí wọ́n tọ́jú ní LUTH, l'Ékòó.

Kí ló wá kan ojú ewé okòwò nínú rẹ̀? Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá ṣàìsàn lè gba ìsinmi, kí owó oṣù rẹ̀ ṣì máa wọlé. Ẹni tó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ni owó oṣù rẹ̀. Ọjọ́ tí ọwọ́ náà bá kọ̀ láti gbéra, ọjọ́ náà ni okòwò dúró.

KÍ LÓ Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ARA?

Ẹ fi wé iná mànàmáná. Ọpọlọ ló ń gbé iná jáde. Iṣan tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ ló dà bíi wáyà. Ẹran ara tó ń gbé apá àti ojú sókè ló dà bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ibi tí wáyà ti pàdé ẹ̀rọ, sọ́kẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀. Nínú àìsàn yìí, iná ń bọ̀, wáyà kò já, ẹ̀rọ kò bàjẹ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì ló dí. Ohun tó dí i ni àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò àrùn jà, ṣùgbọ́n tí wọ́n ṣìnà, tí wọ́n wá kọjú ìjà sí ara ẹni tó ni wọ́n.

Kì í ranni. Obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún àti ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ló máa ń mú jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọjọ́ orí tí kò lè mú. Ibi tó ti léwu jù ni bó bá dé ibi iṣan tí a fi ń mí. Ẹni tí mímí bá nira fún, tàbí tí itọ́ ń há lọ́fun, ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀.

Àìsàn náà kò mọ olówó yàtọ̀. Aristotle Onassis, ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì tó ní ọkọ̀ ojú omi rẹpẹtẹ, tó sì wà lára àwọn tó lówó jù láyé nígbà ayé rẹ̀, òun náà ni àìsàn yìí bá jà. Ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀ débi pé pílásítà ni wọ́n fi ń gbé e sókè. Lóṣù kẹta ọdún 1975 ló kú nílẹ̀ Faransé. Gbogbo owó tó ní kò lè ra àwọn oògùn tuntun tí kò tíì sí nígbà náà. Lónìí, ọ̀rọ̀ ti yí padà: oògùn wà, owó ni kò sí.

ÈSO KAN LÁTI CALABAR LÓ ṢÍ Ọ̀NÀ

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé láti Nàìjíríà ni ọ̀kan lára àwọn oògùn àkọ́kọ́ fún àìsàn yìí ti wá. Èso kan wà tó dà bí ẹ̀wà, tí àwọn Efik ní Calabar ń pè ní esere. Májèlé gidi ni. Nígbà àtijọ́, bí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kan èèyàn, esere ni wọ́n máa ń fún un jẹ. Bó bá bì í, kò jẹ̀bi. Bó bá kú, wọ́n ní ó jẹ̀bi nìyẹn. Àwọn míṣọ́nnárì gbé e dé Scotland. Lọ́dún 1855, ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Christison ní Edinburgh tọ́ ọ wò fúnra rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó bá a lọ. Lọ́dún 1864, àwọn ọmọ Jámánì yọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní physostigmine.

Lọ́dún 1934 ni Mary Walker, dókítà kan nílé ìwòsàn St Alfege ní Greenwich, ní Lọ́ńdọ̀nù, fún aláìsàn kan ní abẹ́rẹ́ physostigmine. Ìpéǹpéjú tó ti wálẹ̀ gbéra. Ipasẹ̀ physostigmine yìí ni wọ́n tọ̀ ṣe neostigmine, àti hóró pyridostigmine tí wọ́n ń lò títí dòní. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ wá esere jẹ o. Májèlé ló ṣì jẹ́.

Hóró yìí máa ń ṣiṣẹ́ láàárín wákàtí kan, agbára rẹ̀ sì máa ń lọ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ṣùgbọ́n kì í lé àwọn ọmọ ogun tó ṣìnà yẹn lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi máa ń fi prednisolone tàbí azathioprine kún un, láti mú kí ọmọ ogun náà rọwọ́. Àwọn mìíràn, wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn láti yọ thymus, ohun kékeré kan tó wà lẹ́yìn egungun àyà.

DÍRÍPÙ TUNTUN

Àwọn oògùn tuntun tí wọ́n ń fi dírípù fà sí èèyàn lára yàtọ̀ sí èyí. Inú sẹ́ẹ̀lì alààyè ni wọ́n ti ń ṣe wọ́n, kì í ṣe kẹ́míkà tí wọ́n kàn pò pọ̀. Eculizumab ni àkọ́kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àìsàn yìí, lóṣù kẹwàá ọdún 2017. Lọ́jọ́ 17, oṣù Kejìlá, ọdún 2021, wọ́n fọwọ́ sí efgartigimod, tí ilé-iṣẹ́ argenx ń tà lórúkọ Vyvgart.

Bí efgartigimod ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòroó yé oníṣòwò. Ara wa ní akọ̀wé ilé ìkẹ́rù kan, tó máa ń kó àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ pa mọ́ kí wọ́n má baà bàjẹ́ kíá. Dírípù yìí á lọ jókòó síwájú akọ̀wé náà, kò ní í ráyè gba ẹlòmíràn wọlé. Àwọn ọmọ ogun tó kù síta á bàjẹ́ dànù, títí kan àwọn tó dí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Wákàtí kan ni wọ́n fi ń fà á, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, lẹ́yìn náà wọ́n á dúró wo bí ara ṣe ń ṣe kí wọ́n tó tún fà á.

Nínú ìdánwò tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2021, nínú àwọn 129 tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi ọmọ ogun tó ṣìnà náà hàn lára wọn, ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún ara yá dáadáa lára àwọn tó gba oògùn náà. Lára àwọn tí wọ́n fún ní dírípù tí oògùn kò sí nínú rẹ̀, ìdá 30 ni.

Kò sí oògùn tí kò ní tirẹ̀. Efgartigimod lè jẹ́ kí àrùn tètè wọlé sára. Ẹni tó bá fẹ́ gba eculizumab gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà àrùn yírùnyírùn. Yàtọ̀ sí èyí, inú fíríìjì tó tutù láàárín 2 sí 8 ni ìgò efgartigimod ń gbé, kò sì gbọ́dọ̀ dì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ẹja tútù mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí níbi tí iná kò dúró.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢE ÌṢIRÒ

Nígbà tí efgartigimod bọ́ sọ́jà ní Amẹ́ríkà, $5,950 ni iye owó ìgò kan. Ẹni tó bá wọn kílò 70 máa lo ìgò méjì lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ìgò mẹ́jọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. $47,600 nìyẹn. Bí a bá fi N1,500 ka dọ́là kan, ó lé ní mílíọ̀nù mọ́kànléláàádọ́rin náírà, N71.4 mílíọ̀nù, fún ìpele kan ṣoṣo, a kò sì tíì sọ ti dókítà àti fíríìjì. Ní ti eculizumab, ìwé ìròyìn Forbes pè é ní oògùn tó wọ́n jù láyé lọ́dún 2010, nígbà tó jẹ́ pé àìsàn ẹ̀jẹ̀ kan ni wọ́n ń lò ó fún: $409,500 lọ́dún.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí èyí ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí alátakò bá dé ọjà, owó máa ń wálẹ̀. Lọ́dún 2024, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àwọn oògùn tó jọ eculizumab tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe. Dírípù kan sì wà tó ti pẹ́ ju gbogbo wọn lọ, rituximab. Ilé-iṣẹ́ Dr. Reddy's ní Íńdíà ti ń ṣe irú tirẹ̀ láti 2007, àjọ WHO sì ti fi rituximab sínú ìwé oògùn kòṣeémánìí láti 2015. Jẹjẹrẹ ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú ìdánwò kékeré kan ní Sweden, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2022, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n fà á sára àwọn tí myasthenia ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àmì àìsàn mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún, nígbà tí àwọn tí kò gbà á jẹ́ ìdá 29. Ìdánwò mìíràn ní Amẹ́ríkà kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Dókítà ló máa sọ ẹni tó yẹ fún, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò fún hepatitis B kí wọ́n tó fà á.

OHUN TÓ WÀ NÍTÒSÍ

Ẹni tó wà n'Ibefun lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ìjọba n'Ìjẹ̀bú-Òde, kó sì gba ìwé lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ àti iṣan ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní Ṣágámù, UCH n'Íbàdàn tàbí LUTH. Àyẹ̀wò kan tí dókítà lè fi bẹ̀rẹ̀ kò náni ju omi dídì lọ: wọ́n á fi yìnyín lé ìpéǹpéjú tó wálẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, bó bá gbéra, àmì nìyẹn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti fọ́tò àyà ló máa tẹ̀ lé e.

Ohun kan tún wà tó ṣe pàtàkì. Àwọn oògùn kan tá a máa ń rà ní kẹ́míìsì láìbéèrè lè dá àìsàn yìí lágara: ciprofloxacin, gentamicin, chloroquine àti quinine wà lára wọn. Ẹni tí àìsàn yìí ń ṣe gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fún un lóògùn, títí kan nọ́ọ̀sì tó fẹ́ wo ibà.

BÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ KÒ ṢE NÍ Í TÌ

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá télọ̀ wa. Bó bá ti mọ orúkọ ohun tó ń ṣe é, iṣẹ́ tó gba ojú àti ọwọ́ ni kó fi sí àárọ̀, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà bó ṣe máa pín wákàtí hóró rẹ̀ mọ́ iṣẹ́. Kó fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́, nítorí ooru máa ń dá kún un. Kó kọ ìwọ̀n aṣọ gbogbo kọ́sítọ́mà sínú ìwé, kó kọ gbèsè tó wà níta, kí ẹnì kan nínú ilé sì mọ ibi tí ìwé náà wà. Ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ pé orí ẹnì kan ni gbogbo rẹ̀ wà, bí orí bá fọ́ ẹni náà, ṣọ́ọ̀bù ti fọ́ nìyẹn.

Ní ti owó, òfin ìlera tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí lóṣù karùn-ún ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ìṣedúró ìlera, ìpínlẹ̀ Ògùn náà sì ní àjọ tirẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ẹgbẹ́ télọ̀ lè jọ forúkọ sílẹ̀ pọ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè pé àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ wo ló wà nínú ètò náà, oògùn wo ni wọ́n máa san. Ìgbà tí ara le ni wọ́n ń ṣe é o, torí kì í ṣe ọjọ́ tí òjò bá ń rọ̀ ni wọ́n ń wá páànù tí wọ́n máa fi bo ilé.

Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ń pa dé lọ́sàn-án, tí agbára rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀, kó má ṣe jẹ́ kí wọ́n pè é ní ọ̀lẹ títí tí kọ́sítọ́mà á fi tán. Kó lọ rí dókítà. Dírípù olówó gọbọi lè má tíì dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n hóró tó tọ ipasẹ̀ esere Calabar wá lè gbé abẹ́rẹ́ padà sọ́wọ́ télọ̀ kó tó di ọjọ́ Ojúde Ọba.