Iṣẹ́ ṣíṣe ló ń jẹ́ kí èdè Rust wọ ọmọ lára

Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ẹ́ fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jẹun ti ń gbọ́ orúkọ Rust, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà gan-an. Graydon Hoare ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2006, ẹ̀dà 1.0 sì jáde ní 2015.

Ìdí tí iléeṣẹ́ ńlá fi ń wá a kò ṣòro. Lọ́dún 2019, Microsoft ní nǹkan bíi ìdá 70 nínú 100 àléébù ààbò tí àwọn ń tún ṣe lọ́dọọdún ló ti ọ̀dọ̀ àṣìlò mẹ́mórì wá. Rust kì í sábà gba irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ láyè: kò ní jẹ́ kí ètò náà ṣiṣẹ́, yóò sì tọ́ka sí ìlà tó ti bàjẹ́.

Ẹni tó kàn ń kàwé kò ní rí ìbáwí yìí. Ìdí nìyí tí ìwé ọ̀fẹ́ Rust tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi kọ́kọ́ ní kéèyàn ṣe géèmù tí wọ́n ti ń méfò nọ́ńbà, lẹ́yìn náà ètò tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, kó tó fi sáfà wẹ́ẹ̀bù parí rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ní ohun tó lè fi han ọ̀gá tó fẹ́ẹ́ gbà á síṣẹ́.