Asofẹ́yẹjẹ lágbára, ẹ má mu ún láìwọ̀n

 Ọ̀rọ̀ igi kékeré kan la fẹ́ sọ lónìí, èyí tí púpọ̀ nínú yín mọ̀ dáadáa: asofẹ́yẹjẹ.

Igbó tútù ni ilé rẹ̀, irú igbó tó wà ní Pobè. Ṣùgbọ́n ẹ ó tún rí i létí oko, nínú oko tí wọ́n ti pa tì, àti lẹ́bàá ọ̀nà. Bí ẹ bá fẹ́ dá a mọ̀, ẹ wo ewé rẹ̀: mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún ló máa ń yọ lójú kan náà, wọ́n á sì yí ẹ̀ka ká. Bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, oje funfun á jáde bíi wàrà. Òdòdó rẹ̀ funfun, ó kéré, ó sì máa ń ṣù pọ̀. Èso rẹ̀ rí roboto, ó máa ń pọ́n bó bá gbó. Ẹyẹ fẹ́ràn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa fi pè é bẹ́ẹ̀: a-so-fún-ẹyẹ-jẹ. Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa o. Ẹyẹ ló so fún, kò so fún ọmọ yín. Ẹ kọ́ àwọn ọmọdé kí wọ́n má ká a jẹ.

Gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn èèyàn ń lò jù. Ẹlòmíràn ń sè é lágbo, ẹlòmíràn ń rẹ ẹ́ sínú sódàbì. Wọ́n ní ó dára fún tension, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ ríru, fún ibà, fún ẹni tí kò rí oorun sùn, fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ṣé irọ́ ni? Rárá o. Mi ò wá síbí láti bú egbòogi àwọn baba wa. Igi yìí ń ṣiṣẹ́. Nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ gan-an ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ ṣọ́ra.

Ní 1952, àwọn onímọ̀ ní Switzerland fa ohun kan yọ nínú gbòǹgbò igi kan láti Íńdíà, tó jẹ́ ìbátan asofẹ́yẹjẹ. Wọ́n pè é ní reserpine, wọ́n sì fi ṣe òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Reserpine yìí kan náà wà nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa, ó sì sábà máa ń pọ̀ ju ti Íńdíà lọ. Ní 1960, Dókítà Raymond Prince, ará Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa bí àwọn oníṣègùn Yorùbá ní Nàìjíríà ṣe ń fi irú igi yìí tọ́jú alárùn ọpọlọ.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì. Hóró òògùn reserpine kan kì í sábà ju ìdá kan nínú mẹ́rin mílígíráàmù kan lọ. Gíráàmù kan ṣoṣo, tí kò tó ìdajì ṣíbí tíì ṣúgà, yóò ṣe hóró 4,000. Ta ló lè wọn ìyẹn nínú ìkòkò àgbo? Gbòǹgbò kan le ju òmíràn lọ. Èèpo gbòǹgbò le ju ewé lọ. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ta gàrí láìsí òṣùwọ̀n, ẹ má mu ohun tó le tó báyìí láìwọ̀n.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ara wa ní ohun kan tó kó pamọ́, tó fi ń pàṣẹ fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ pé kó fún. Bí ọ̀nà bá fún, ẹ̀jẹ̀ á ru. Reserpine á tú ìkópamọ́ yẹn dànù díẹ̀díẹ̀, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á dẹ̀, tension á wálẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lójú ẹsẹ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí agbára rẹ̀ tó jáde tán. Ẹni tó mu ife kan lónìí tí kò rí nǹkan kan, á mu méjì lọ́la, á sì fi kún un lọ́tùn-ún. Gbogbo rẹ̀ á wá para pọ̀ sí i lára. Bó bá jáwọ́ pàápàá, kì í tètè kúrò lára.

Bó bá ti pọ̀ jù, òòyì á máa kọ́ èèyàn, ojú á ṣókùnkùn bó bá dìde, ó tiẹ̀ lè ṣubú lórí zém. Imú á dí, inú á máa ṣu, èèbì á máa gbé e. Èyí tí àwọn èèyàn kì í fura sí ni pé ọkàn lè bàjẹ́ gidigidi láìnídìí, ayé á sú èèyàn. Ẹ má sọ pé ayé ló ń bá a jà, ẹ kọ́kọ́ bi í ní ohun tó ń mu.

Ẹ̀yin aboyún àti ẹ̀yin tí ẹ ń fún ọmọ lọ́mú, ẹ má fẹnu kàn án rárá. Ó máa ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ nínú oyún, ó sì máa ń gba inú ọmú kọjá. Imú ọmọ á dí, ara rẹ̀ á rọ, kò ní lè mu ọmú dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lo òògùn tension láti ilé ìwòsàn, ẹ má pa á pọ̀ mọ́ asofẹ́yẹjẹ, torí méjèèjì lè fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ kọjá ààlà. Ẹ má sì torí àgbo da òògùn nù, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè ru padà, kó sì fa rọpárọsẹ̀. Orí tí kò fọ́ kò sọ pé ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀. Ẹ̀rọ nìkan ló lè sọ ọ́. Bó bá ń fi 14 lórí 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn.

Bí ẹ bá ti mu asofẹ́yẹjẹ, ẹ má tijú. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí, kẹ́ ẹ mú gbòǹgbò náà dání kí wọ́n rí i. Bí ẹni tó mu ún bá dákú, tàbí tí a kò lè jí i lójú oorun, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá, ẹ má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu.

Ẹ sọ fún ẹni tó jókòó tì yín lọ́jà. Ire o.