Àìsàn Là Á Wò: Ohun Tí Àkọsílẹ̀ Ilé-Ẹ̀kọ́ Lè Ṣe fún Àwọn Ọmọ Adja-Ouèrè

Lọ́dọọdún, bí èsì BEPC bá ti jáde, ìròyìn a máa yára tàn ká kọ́múùnù wa, láti Ikpinlè dé Massè, láti Kpoulou dé Oko-Akarè. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ yege a máa dúpẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ fìdí rẹmi a máa béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ọdún mẹ́rin ni ọmọ fi ń lọ láti sixième dé troisième, ilé-ẹ̀kọ́ sì ń kọ nǹkan sílẹ̀ nípa rẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà: ọjọ́ tí kò wá, nọ́ọ̀tì tó gbà lórí 20, ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ sọ nípa ìṣesí rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ fi yé àwọn òǹkàwé wa ni pé àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyí lè mú ọmọ dúró ní ilé-ẹ̀kọ́, bí a bá kà wọ́n nígbà tí àtúnṣe ṣì ṣeé ṣe. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́: àìsàn là á wò, a kì í wo ikú.

Kíkà kò ṣàjèjì sí wa

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọgbọ́n àjèjì ni èyí. Ìyá tó ń ṣe epo pupa mọ iye ẹyìn tó wọ inú ìkòkò àti iye epo tó yẹ kó ti inú rẹ̀ jáde. Bí epo bá dín, yóò wádìí bóyá ẹyìn ni kò gbó tàbí sísè ni kò jinná. Alájọ a máa sàmì sí káàdì oníkálukú. Bí ẹnì kan kò bá dá owó fún ọjọ́ mélòó kan, kò ní dúró di ìparí oṣù kó tó béèrè àlàáfíà rẹ̀. Ohun tí àwọn méjèèjì ń ṣe náà ni a ń wá fún ọmọ wa: kí a sàmì, kí a wo àmì náà, kí a sì tètè dìde.

Ilé-ẹ̀kọ́ kò ṣaláìní àmì. Surveillant ní ìwé àwọn tí kò wá, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé nọ́ọ̀tì tirẹ̀, bulletin sì ń kó wọn jọ ní ìparí sáà. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ tún ti gbé EducMaster kalẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ti ní nọ́ńbà tirẹ̀. Orílẹ̀-èdè wa wà lára àwọn 10 tó kópa nínú ìgbéléwọ̀n PASEC ní 2014, àti lára àwọn 14 tó kópa ní 2019. PASEC yìí, tó jẹ́ iṣẹ́ CONFEMEN, ń dán àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wò nínú èdè ìkẹ́kọ̀ọ́ àti ìṣirò. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n odindi orílẹ̀-èdè ló ń ṣe àpèjúwe rẹ̀. Kò lè sọ fún bàbá kan ní Tatonnonkon pé ọmọ rẹ̀ ti ń rẹ̀yìn nínú ìṣirò láti oṣù kọkànlá. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ náà ń lọ nìkan ló lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ ọjà tí olùkọ́ kò rí

Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí gbogbo wa mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Púpọ̀ nínú àwọn ọjà Yorùbá ni a ń ná ní ọrọọrún. Bí ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, èyí tó tẹ̀ lé e yóò bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn náà ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú àti Ọjọ́bọ̀, kó tó tún padà sí ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ 28 ni ìyípo náà. Ká ní ọmọbìnrin kan ń bá ìyá rẹ̀ ru ẹrù lọ sí irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá pé. Láàárín ọjọ́ 28 yẹn, yóò pa ọjọ́ ẹ̀kọ́ márùn-ún jẹ nínú 20, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin.

Síbẹ̀, ojú olùkọ́ kan ṣoṣo kò lè tó o. Olùkọ́ tó ń wọ kíláàsì náà ní ọjọ́ Ajé nìkan yóò rí i pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni kò wá. Èyí tó ń wọlé ní Ọjọ́rú yóò rí ẹ̀ẹ̀kan tirẹ̀. Kò sí èyí tí ọkàn rẹ̀ máa dàrú nínú wọn. Àfi bí ẹnì kan bá kó ìwé gbogbo wọn jọ, tó sì fi wọ́n wé ọjọ́ ọjà, ni yóò tó mọ̀ pé ọmọ náà ń pàdánù odindi ọ̀sẹ̀ ẹ̀kọ́ kan lóṣù. Nígbà náà ni a lè pe ìyá rẹ̀, kí a jọ wá ọ̀nà: bóyá ẹlòmíràn lè ru ẹrù náà, bóyá ọmọ lè lọ lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ bá parí, bóyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè máa fún un ní ìwé láti dà kọ.

Bákan náà ni ti ojú ọjọ́. Àwọn tó mọ ilẹ̀ dúdú ti àwọn Ọ̀họ̀rí mọ bí ẹrẹ̀ rẹ̀ ti máa ń di ẹsẹ̀ àti táyà mú nígbà òjò. Bí àkọsílẹ̀ bá fi hàn pé àwọn ọmọ abúlé kan náà ni kì í wá ní oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà, a ó mọ̀ pé ọ̀nà ni ìṣòro wọn, a ó sì dẹ́kun pípè wọ́n ní ọ̀lẹ.

Ohun tí ìpíndọ́gba ń bò mọ́lẹ̀

Ẹ wo ọmọ méjì tí ìpíndọ́gba wọn fún ìdánwò mẹ́ta jẹ́ 9. Èkíní gba 6, ó gba 9, ó sì gba 12. Èkejì gba 12, ó gba 9, ó sì gba 6. Nọ́ńbà kan náà ni bulletin yóò gbé jáde fún wọn, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń gòkè, èkejì ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá wo ìpíndọ́gba nìkan yóò bá àwọn méjèèjì wí, bẹ́ẹ̀ ìyìn ló tọ́ sí èkíní, ìrànlọ́wọ́ kíákíá ló sì tọ́ sí èkejì.

Ìwé ìdánwò fúnra rẹ̀ tún ń sọ ju nọ́ọ̀tì lọ. Bí ọmọ bá ń ṣe àròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀ bó ti yẹ, tó sì ń ṣubú ní gbogbo ìgbà tí a bá fi ọ̀rọ̀ Faransé gígùn gbé ìṣirò náà kalẹ̀, a jẹ́ pé èdè ni ìdènà rẹ̀. Bí a bá fi ẹ̀kọ́ ìṣirò kún ẹ̀kọ́ ìṣirò fún un, òògùn tí kò bá àìsàn mu ni. Olùkọ́ tó bá fi Yorùbá tú ìbéèrè náà fún un yóò rí i ní ìṣẹ́jú mélòó kan bóyá ìṣirò ni kò yé e tàbí Faransé.

Ohun tí àwọn mìíràn ti ṣe

Ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí Yunifásítì Chicago, Elaine Allensworth àti John Easton, tẹ ìwádìí kan jáde ní 2005 lórí ọdún kìíní ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Wọ́n rí i pé àwọn tó parí ọdún náà láìfì sẹ́yìn ní àǹfààní tó fi ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ láti gba ìwé ẹ̀rí ní ọdún mẹ́rin. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìlú náà ti ń ṣọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní lójú méjèèjì. Ìdá àwọn tí kò fì sẹ́yìn ní ọdún kìíní gòkè láti 57 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2007 sí 82 ní 2013.

Ní Yunifásítì Georgia State ní Atlanta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà ní 2012 láti máa wo àmì tó lé ní 800 tó lè fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà, kí olùdámọ̀ràn lè tètè pè é. Wọ́n tún ṣàkíyèsí pé owó kékeré ló ń lé àwọn kan kúrò nígbà tí ẹ̀kọ́ wọn kù díẹ̀ kó parí. Láti 2011 ni wọ́n ti ń san irú gbèsè bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ìdá àwọn tó ń gba oyè, tó jẹ́ 32 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2003, di 54 ní 2014. A kò ní kọ̀ǹpútà wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò béèrè kọ̀ǹpútà: àmì kò ṣe nǹkan kan títí ẹnì kan fi pe ọmọ náà sọ́dọ̀.

Ibi tí a ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra

Àkọsílẹ̀ lè di ohun ìpalára. Ká ní ọmọ 40 wọ sixième, tí 20 nìkan ṣẹ́kù láti jókòó fún BEPC, tí 16 sì yege. A lè fọ́nnu pé 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló yege. Ṣùgbọ́n nínú àwọn 40 tó bẹ̀rẹ̀, ìdá 40 péré ni. Níbo ni àwọn 20 tó kù wọ̀? Àwọn kan ti wà lórí ọ̀kadà zémìjáànù, àwọn kan ti ré ààlà lọ ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, àwọn ọmọbìnrin kan ti wà nílé ọkọ. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ń lé aláìlera jáde kí èsì rẹ̀ lè dára ti yí òṣùwọ̀n po. Nítorí náà, iye àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ni kí a máa béèrè kí a tó pàtẹ́wọ́ fún iye àwọn tó yege.

Ọ̀rọ̀ àṣírí náà wà níbẹ̀. Ìdí tí ọmọ kò fi wá lè jẹ́ àìsàn, ebi, oyún tàbí ìjà nínú ilé. Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2018, tí a ń pè ní Code du numérique, dáàbò bo irú ọ̀rọ̀ ara ẹni bẹ́ẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀. Kò yẹ kí a kà á sókè ní ìpàdé, kò sì yẹ kí ó dé orí WhatsApp.

Ibi tí a lè ti bẹ̀rẹ̀

Ìwé kan ṣoṣo tó fún kíláàsì kan. Kí professeur principal ya ìlà márùn-ún sí i: orúkọ ọmọ, abúlé rẹ̀, iye ọjọ́ tí kò wá, nọ́ọ̀tì rẹ̀ nínú Faransé àti ìṣirò, àti ohun tí a ti ṣe fún un. Sixième ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé, kí òun àti surveillant jókòó sí ìwé náà, kí wọ́n sì fi orúkọ àwọn tó nílò ìbẹ̀wò ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí a fọkàn tán nínú ẹgbẹ́ àwọn òbí. Ìlà karùn-ún ni ó ṣe pàtàkì jù. Bí ó bá ṣófo, a kàn ń ka ọmọ bí ẹni ka àgbàdo ni.

Ẹ̀yin òbí wa, nígbà tí bulletin bá dé, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: ọjọ́ mélòó ni ọmọ mi kò wá, inú ẹ̀kọ́ wo ló ti ń sọ̀ kalẹ̀, ta ni yóò sì ràn án lọ́wọ́? Ẹni tí kò bá lè ka Faransé, kí ó pe ẹni tó lè kà á fún un; ọmọ nìkan kọ́ ni kí ó máa túmọ̀ ìwé ara rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lè máa ṣe ti yín láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ nọ́ọ̀tì yín sílẹ̀ ní tẹ̀léńtẹ̀lé sí ẹ̀yìn ìwé, kí ẹ sì máa wo ibi tó dorí kọ. Bí ẹ bá rí i pé ó ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tọ olùkọ́ lọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Àwọn ẹ̀gbọ́n yín tó ti kọjá BAC, tí wọ́n wà ní Abomey-Calavi tàbí ní Kétu, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan nínú ìsinmi wọn jókòó ti àwọn àbúrò. Ọdún ẹ̀kọ́ tuntun yóò tún wọlé, orúkọ àwọn ọmọ sixième yóò sì tún kún ìwé. Iṣẹ́ wa ni kí àwọn orúkọ náà ṣì pé nígbà tí a bá ń kà wọ́n ní troisième.