Ẹ̀dà ìpamọ́ lórí kíláòdù: Iye tí wọ́n kọ sójú pátákó kọ́ ni oníṣòwò ń san

Ní òru ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta, ọdún 2021, iná ńlá kan sọ nílùú Strasbourg, lórílẹ̀-èdè Faransé. Ilé alájà márùn-ún tí iná náà mú kì í ṣe ilé ìgbé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ilé ìtajà. Ilé-iṣẹ́ OVHcloud ló ni ín, kọ̀ǹpútà ló sì kún inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, àwọn kọ̀ǹpútà tó ń bá oníṣòwò tọ́jú ìwé, ìṣirò owó àti orúkọ oníbàárà wọn. Ẹnikẹ́ni kò fara pa, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, ilé náà ti jóná tán. Octave Klaba tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ bọ́ sórí Twitter, ó gba àwọn oníbàárà rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò tí wọ́n ti là sílẹ̀ de ọjọ́ àjálù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé àwọn kò ní ètò kankan nílẹ̀.

Èrò wọn ni pé owó tí àwọn ń san lóṣooṣù ti kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó ìyálò kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń san. Owó ẹ̀dà ìpamọ́ wà lọ́tọ̀, ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló ń fi kún tirẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n san owó ọ̀tọ̀ náà tí ọ̀rọ̀ kò sì tún gún. Ilé-iṣẹ́ kan lára wọn gbé OVHcloud lọ sí ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìṣòwò nílùú Lille, ó ní ìwé àdéhùn sọ pé ibi ọ̀tọ̀ ni ẹ̀dà òun yóò wà, ṣùgbọ́n inú ilé kan náà ni wọ́n kó o sí, iná kan náà ló sì jó méjèèjì. Nínú ìdájọ́ àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n san ohun tó lé ní 100,000 owó yúrò fún un.

Kíláòdù tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè bẹ́ẹ̀ jọ orúkọ ìkùukùu ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ló wà, nínú ilé tó ní òrùlé, tí iná lè jó, tí omi sì lè wọ̀. Kọ̀ǹpútà tí èèyàn yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni. Sọ́fítíwíà ìpamọ́ ni ó ń bá oníṣòwò kó nǹkan lọ síbẹ̀: yóò jókòó sínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, yóò máa wo ohun tó yí padà lójoojúmọ́, yóò ṣe ẹ̀dà rẹ̀, yóò fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí tì í, yóò sì fi íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Ó yàtọ̀ sí Google Drive àti irú rẹ̀ tí èèyàn fi ń pín ìwé kiri, nítorí pé níbẹ̀, ohun tí òṣìṣẹ́ bá parẹ́ nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń parẹ́ lọ́hùn-ún náà. Ìpamọ́ gidi ni èyí tó lè bá èèyàn mú ìwé àná àti ti ìjẹta jáde bí wọ́n ṣe wà kí ọwọ́ tó ṣì.

Àwọn tó ń dá àjọ mọ bí alájọ ṣe ń gba owó tirẹ̀. Owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kò sì sí àlàyé púpọ̀ níbẹ̀. Bí ti oní-kíláòdù náà bá rọrùn báyìí ni, ọ̀rọ̀ kì bá tí gùn. Ohun tí onílé-iṣẹ́ kan ń kà láti mọ owó tí yóò gbà kọ́ ni èkejì ń kà. Òmíràn ń ka orí òṣìṣẹ́, òmíràn ń ka kọ̀ǹpútà, òmíràn ń ka bí ẹrù ṣe tóbi tó, ìyẹn gígábáìtì. Veeam, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2006, ti fìgbà kan ka iye processor tó wà nínú sáfà, kó tó yí padà sí láísẹ́ńsì tó ń ka ohun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀, yálà kọ̀ǹpútà ni tàbí sáfà. Ọ́fíìsì tó ní òṣìṣẹ́ 40 tí wọ́n jọ ń lo kọ̀ǹpútà mẹ́fà yóò pàdánù owó gidi bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń ka orí. Ayàwòrán tó dá nìkan wà, ṣùgbọ́n tí fídíò kún kọ̀ǹpútà rẹ̀, kò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹni tó ń ka gígábáìtì bí ó bá rí ẹni tó ń ka kọ̀ǹpútà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni owó ìkójáde. Amazon, tó gbé ìsọ̀ ìpamọ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ S3 kalẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2006, ni a lè fi ṣe àpẹẹrẹ. Iye tó wà lójú ìwé rẹ̀ fún ibùdó Virginia, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lọ́dún 2024 ni dọ́là 0.023 lórí gígábáìtì kan lóṣù. Ẹni tó bá kó tẹ́ràbáìtì kan, ìyẹn gígábáìtì 1,000, pamọ́ síbẹ̀ yóò san dọ́là 23 lóṣù, ìyẹn dọ́là 276 lọ́dún. Kò pọ̀ lójú. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì bá bàjẹ́ tí ó sì fẹ́ kó gbogbo ẹrù náà wálé, gígábáìtì 100 àkọ́kọ́ nínú oṣù ni wọn kò ní gba kọ́bọ̀ lé lórí. Gbogbo èyí tó kù jẹ́ sẹ́ńtì mẹ́sàn-án lórí gígábáìtì kan. Gígábáìtì 900 di dọ́là 81. Owó ìpamọ́ oṣù mẹ́ta àtààbọ̀ nìyẹn, tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ní àsìkò tí ìnáwó mìíràn ti yí i ká.

Amazon yìí kan náà ní yàrá ìpamọ́ tó rẹlẹ̀ jù lọ ní owó, tí wọ́n sọ ní Glacier Deep Archive. Kò tó dọ́là kan lórí tẹ́ràbáìtì kan lóṣù, orúkọ yìí sì ni àwọn tó ń ta sọ́fítíwíà ìpamọ́ máa ń pè nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ọ̀pọ̀ fa ojú oníbàárà mọ́ra. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n fi kún un ni pé ẹni tó bá fẹ́ mú nǹkan jáde níbẹ̀ lè dúró fún wákàtí 12, owó ìmújáde wà lọ́tọ̀, àti pé bí ó bá pa ẹrù rẹ̀ rẹ́ kí ó tó pé ọjọ́ 180, owó ọjọ́ 180 náà ni wọn yóò gbà. Ìwé àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní béèrè láàárín ọdún ni ibẹ̀ wà fún. Iṣẹ́ òòjọ́ kò yẹ ibẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, Google, Amazon àti Microsoft kéde lọ́kọ̀ọ̀kan pé àwọn kò ní gba owó ìkójáde mọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń kúrò lọ́dọ̀ àwọn. Òfin tuntun tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, inú rere nìkan kọ́. Ẹni tó ń lọ pátápátá ni ìkéde náà sì bá wí. Ẹni tó fẹ́ kó ẹ̀dà rẹ̀ wálé kí ó sì tún máa jẹ́ oníbàárà wọn kò sí nínú rẹ̀.

Fún oníṣòwò tó wà ní Ìbàdàn tàbí Èkó, ìṣirò mìíràn tún wà lórí gbogbo èyí, dọ́là sì ni. Backblaze, ilé-iṣẹ́ kan ní California, ń gba dọ́là 5 lórí kọ̀ǹpútà kan lóṣù láti ọdún 2008, láìka bí ẹrù inú rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ó di dọ́là 6 lọ́dún 2019, ó di 7 lọ́dún 2021, ó sì di 9 lọ́dún 2023. Ọ́fíìsì tó ní kọ̀ǹpútà 10 ń san dọ́là 70 lóṣù nígbà tí dọ́là kan wà ní nǹkan bíi náírà 460 ní ọjà ìjọba. Náírà 32,200 nìyẹn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jọ̀wọ́ okùn náírà, nígbà tí yóò sì fi di oṣù kejì ọdún 2024, dọ́là kan ti kọjá náírà 1,500. Dọ́là 90 di náírà 135,000. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta iṣẹ́ yìí fi dọ́là méjì péré lé owó kọ̀ǹpútà kan. Owó tó ń jáde lápò oníṣòwò di ìlọ́po mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ni owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT kò tíì sí nínú ìṣirò yìí.

Ó tún kù. Lọ́dún 2022, àwọn báńkì Nàìjíríà dín iye tí èèyàn lè fi káàdì náírà san sílẹ̀ òkèèrè kù sí dọ́là 20 lóṣù, àwọn kan sì dá a dúró pátápátá. Ọdún 2025 ni díẹ̀ nínú wọn tó ṣí ọ̀nà náà padà. Ẹni tó jẹ dọ́là 90 tí káàdì rẹ̀ kò lè san ju 20 lọ, kì í ṣe pé kò lówó lọ́wọ́. Kò kàn rí ọ̀nà san án ni. Ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó lóṣooṣù kò sì ní bi í léèrè ìdí. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí ìwé àdéhùn bá dá, ẹ̀rọ ni yóò ti ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ kan náà ni yóò sì pa ẹrù rẹ́.

Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ láísẹ́ńsì ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Láyé ìjọ́hun, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ń ra sọ́fítíwíà ìpamọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí yóò sì di tirẹ̀ bí ẹni ra ilé. Lóde òní, ilé ìyálò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ayálégbé lè ṣe gbogbo ohun tó tọ́, kí onílé sì tún ní kí ó kó jáde. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, Code42 kéde pé òun kò ní ta CrashPlan fún àwọn tó ń lò ó nílé mọ́, nígbà tí yóò sì fi di oṣù kẹwàá ọdún 2018, ó ti ti ilẹ̀kùn náà. Ẹni tó fẹ́ dúró bọ́ sí ti oníṣòwò, ní dọ́là 10 lórí kọ̀ǹpútà kan lóṣù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí UniSuper ní Ọsirélíà tún le ju èyí lọ. Àjọ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì ni, àwọn tó ń fi owó pamọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ sì lé ní 600,000. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ọ̀kan nínú àwọn ibi tó ń lò lórí kíláòdù Google dédé pòórá. Àlàyé tí Google ṣe lẹ́yìn náà ni pé nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ òun ń ṣètò ibẹ̀ fún oníbàárà yìí, wọ́n fi àlàfo kan sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí i, ẹ̀rọ sì gba àlàfo náà sí ọdún kan. Ọdún kan pé, ẹ̀rọ pa á rẹ́ láìkìlọ̀ fún oníbàárà. UniSuper kò jẹ gbèsè kankan. Ohun tó yọ ọ́ ni àwọn ẹ̀dà tó ti ṣe pamọ́, títí kan èyí tó wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn. Síbẹ̀, ó gbà wọ́n ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí wọ́n tó tò ó padà.

Àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ ni ti àwọn tó gbà pé Microsoft 365 tí àwọn fi ń kọ lẹ́tà àti íméèlì ti ń bá àwọn ṣe ìpamọ́. Àdéhùn tí Microsoft fúnra rẹ̀ kọ gba oníbàárà nímọ̀ràn pé kí ó máa ṣe ẹ̀dà nǹkan rẹ̀ déédéé. Ìpamọ́ tirẹ̀, tó gbé jáde fún gbogbo ènìyàn lọ́dún 2024, jẹ́ sẹ́ńtì 15 lórí gígábáìtì kan lóṣù, ìyẹn dọ́là 150 lórí tẹ́ràbáìtì kan. Ó ń dá nǹkan padà kíákíá ju ti àwọn mìíràn lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó náà kò sí nínú owó Microsoft 365 tí ọ́fíìsì ti ń san tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé òun lè yọwọ́ nínú gbogbo rẹ̀ ní láti wo òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ aráàlú tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Òfin náà retí pé ilé-ìwé, ilé-ìwòsàn tàbí oníṣòwò tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ nípa àwọn èèyàn yóò lè dá a padà láìpẹ́ bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀. Owó ìtanràn fún àwọn ńlá inú wọn lè tó náírà mílíọ̀nù 10 tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún wọn lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Owó kékeré kò ní kí èèyàn má ṣe é. Veeam ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tó lè tọ́jú ohun mẹ́wàá, kọ̀ǹpútà tàbí sáfà, bí oníṣòwò bá ní ibi tí yóò kó ẹrù náà sí. Íntánẹ́ẹ̀tì náà sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ: lórí ìlà tó ń gbé mẹ́gábíìtì 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tẹ́ràbáìtì kan yóò gba ohun tó lé ní ọjọ́ mẹ́rin àtààbọ̀ kó tó wọlé tán, bí nǹkan kan kò bá dá a dúró. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin já lẹ́ẹ̀kan náà ní etíkun Ivory Coast, íntánẹ́ẹ̀tì sì falẹ̀ títí dé àwọn báńkì Nàìjíríà. Nítorí èyí ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ṣe máa ń ní ẹ̀dà méjì, ọ̀kan lórí kíláòdù, ọ̀kan nínú háàdì díráìfù tí wọ́n fi owó ẹ̀ẹ̀kan rà, tí kò ní láísẹ́ńsì tí yóò tán lórí rẹ̀, tí wọn kì í sì í tọ́jú sínú ilé kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì.