Erin, àlejò àti atọpasẹ̀: Bí ọdẹ olówó ṣe ń lọ ní Tsumkwe

Ẹ béèrè lọ́wọ́ dádì tàbí mọ́mì yín bóyá wọ́n rántí fíìmù The Gods Must Be Crazy. Púpọ̀ nínú wọn á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó dáhùn. Ọdún 1980 ni fíìmù náà jáde. N!xau ni ọkùnrin tó ń gbé ìgò Coca-Cola kiri nínú rẹ̀. Àgbègbè Tsumkwe ló ti wá, ní àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Namibia, lára àwọn Ju/'hoansi, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà San. (Àmì inú orúkọ wọn dúró fún ìró tí ahọ́n ń ta lẹ́yìn eyín. Ẹ̀yin tí àmì ohùn Yorùbá ń fún ní ẹ̀fọ́rí, ẹ rí i pé ìyà tiyín kéré.)

Lónìí, àwọn olówó kan ń wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Texas tàbí láti Jámánì lọ sí àgbègbè yẹn. Kì í ṣe nítorí fíìmù. Erin ni wọ́n ń lọ pa, òfin ilẹ̀ náà sì fọwọ́ sí i.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, apá méjì péré ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń ní: ẹni tó ya fọ́tò pẹ̀lú òkú ẹran, àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó ń ṣépè fún un. Ẹnì kẹta wà tó dúró sẹ́yìn nínú fọ́tò náà, tàbí tí wọ́n ti gé kúrò nínú rẹ̀ pátápátá. Òun gan-an ló rí erin náà.

Ta ló ni ẹran?

Ní 1996, ìjọba Namibia yí òfin padà kí àwọn ará ìgbèríko lè dá àjọ tiwọn sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé, kí wọ́n sì máa jẹ èrè ẹranko tó wà níbẹ̀. Nyae Nyae, àjọ àwọn Ju/'hoansi ní Tsumkwe, ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, ní 1998. Ilẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9,000 kìlómítà onígun mẹ́rin.

Ìjọba ló ń fọwọ́ sí iye ẹran tí wọ́n lè pa lọ́dún. Àjọ náà á ta ẹ̀tọ́ yẹn fún iléeṣẹ́ ọdẹ kan, iléeṣẹ́ náà á sì wá oníbàárà láti òkè òkun. Àlejò kò gbọdọ̀ dá wọ igbó. Amọ̀nà tó ní ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Oṣù Kejì sí oṣù Kọkànlá ni àsìkò ọdẹ, wọn kì í sì í yìnbọn lóru.

Láti Windhoek, olú ìlú Namibia, dé Tsumkwe lé ní 700 kìlómítà. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá Grootfontein, ọ̀dà máa tán lẹ́sẹ̀ títì, ó di òkúta wẹ́wẹ́ àti eruku fún ìgbà tó lé ní kìlómítà igba. Ọ̀dàn gbẹrẹfu ni apá ọ̀tún, ọ̀dàn gbẹrẹfu ni apá òsì, àfi igi osè ńláńlá tó dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Fóònù yín kò ní rí nẹ́tíwọọ̀kì. Inú àgọ́ ni àlejò ń sùn, wọ́n á sì jí i kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọkọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wọ̀, wọ́n á máa yí ibi tí ẹran ti ń mu omi ká. Atọpasẹ̀ á jókòó sókè níbi tí ojú rẹ̀ ti lè máa ká ilẹ̀. Tó bá kan ọkọ̀ lọ́wọ́, gbogbo wọn á sọ̀ kalẹ̀. Àtìgbà náà, ẹsẹ̀ ni: atọpasẹ̀ níwájú, amọ̀nà tó ní ìwé àṣẹ tẹ̀ lé e, àlejò tó sanwó wà lẹ́yìn.

Ilẹ̀ yanrìn ni Kalahari, yanrìn kì í sì í parọ́ fún ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ iwájú erin máa ń rí róbótó, ti ẹ̀yìn máa ń gùn díẹ̀. Ẹni tó bá wọn ìyípo ẹsẹ̀ iwájú, tó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ gíga erin náà dé èjìká. Àtẹ́lẹsẹ̀ erin kún fún ìlà wẹ́wẹ́ tí kò bá ti erin mìíràn mu, bí ìka ọwọ́ èèyàn, ti àgbà akọ a sì máa fá ní gìgísẹ̀. Ìgbẹ́ náà ń sọ tirẹ̀. Bó bá ṣì gbóná nínú, ẹran kò jìnnà. Bí ègé igi tí kò lọ̀ dáadáa bá pọ̀ nínú rẹ̀, eyín erin yẹn ti jẹ, ó ti dàgbà, irú èyí tí wọ́n ń wá sì nìyẹn. Àwa Yorùbá máa ń sọ pé àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí". Atọpasẹ̀ Ju/'hoansi lè má tíì rí erin rárá kó tó sọ bó ṣe ga tó, bó ṣe dàgbà tó, àti ìgbà tó gba ibẹ̀ kọjá.

Àpò eérú kékeré kan máa ń wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á wo ibi tí eérú fẹ́ sí, torí imú erin mú ju ojú rẹ̀ lọ fíìfíì. Wọ́n lè rìn láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kí afẹ́fẹ́ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí erin gbóòórùn wọn, kó sì bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n á padà sí àgọ́, ó di ọ̀la.

Kí ẹ má bàa rò pé mò ń ṣe àsọdùn nípa ọgbọ́n yìí: ní 2013, àwọn awalẹ̀pìtàn láti Jámánì pe atọpasẹ̀ mẹ́ta láti Tsumkwe lọ sí gúúsù ilẹ̀ Faransé, sínú àwọn ihò àpáta tí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn àtijọ́ ṣì hàn nínú ẹrẹ̀ wọn. Ní ọ̀kan nínú wọn, Tuc d'Audoubert, ojú ẹsẹ̀ tó wà níbẹ̀ ti wà láti nǹkan bí 17,000 ọdún sẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ kan ti gbà tipẹ́ pé ijó ètùtù ni wọ́n jó níbẹ̀, torí gìgísẹ̀ nìkan ló hàn. Àwọn ará Tsumkwe wò ó, wọ́n ní kò sí ijó kankan: àgbà kan àti ọ̀dọ́ kan ló wá bu amọ̀, wọ́n sì rù ú lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọ̀jọ̀gbọ́n tó mọṣẹ́ rẹ̀, ẹ wo àwọn èèyàn yìí.

Ìbọn fúnra rẹ̀ kì í pẹ́. Àlejò á yìn ín, amọ̀nà á dúró tì í pẹ̀lú ìbọn tirẹ̀ torí ewu erin tó bá fara gbọgbẹ́. Ó tán.

Iṣẹ́ tó pọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Akọ erin ńlá lè wúwo tó 5,000 kìlógíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ará abúlé á dé tòun ti ọ̀bẹ, wọ́n á gé e, wọ́n á pín in, èyí tó bá ṣẹ́ kù á di ẹran gbígbẹ bíi kúndi. Àwọn baba wa ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnì kan jẹ. Ọdẹ tibí kò ní ìṣòro yẹn. Eyín erin àti awọ ló ń gbé lọ sílé. Ẹran kì í ṣe tirẹ̀.

Ohun kan wà tí kò tọ́ lójú tèmi. Àwọn Ju/'hoansi ní ẹ̀tọ́ láti ṣọdẹ oúnjẹ lórí ilẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ọrun àti ọfà ni, ọfà tí wọ́n fi oró ìdin kòkòrò kan pa lẹ́nu, kì í ṣe ìbọn. Ìbọn wà fún àlejò tó sanwó. Ẹni tó mọ igbó jù ni òfin ká lọ́wọ́ kò jù.

Síbẹ̀, owó ọdẹ ni òpó tó gbé àjọ wọn ró. Lára rẹ̀ ni àwọn ọmọ àjọ ti ń gba owó pínpín lọ́dọọdún. Nígbà tí Kòrónà ti ojú òfuurufú pa ní 2020, tí àlejò kò lè wá mọ́, owó ọdẹ àti owó arìnrìn-àjò jọ gbẹ ní ọ̀pọ̀ àjọ bẹ́ẹ̀ jákèjádò Namibia.

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa

Àwọn tó ń tako irú ọdẹ yìí ní ẹjọ́ láti rò, a kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ní oṣù Keje 2015, dókítà eyín kan láti Minnesota pa kìnnìún Cecil lẹ́bàá ọgbà ẹranko Hwange ní Zimbabwe, kìnnìún tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Oxford ti so ẹ̀rọ mọ́ lọ́rùn. Ibẹ̀ kì í ṣe Tsumkwe, òfin ibẹ̀ sì yàtọ̀, ṣùgbọ́n lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn láti ọjọ́ yẹn. Ọdún kan ṣáájú, ní Dallas, Corey Knowlton ti fi 350,000 dọ́là ra ẹ̀tọ́ láti pa àgbáńréré dúdú kan ní Namibia. Akọ arúgbó ni wọ́n yàn fún un, owó náà sì lọ sí àpò ìdáàbòbò ẹranko. Wọ́n fi ikú halẹ̀ mọ́ ọn débi pé FBI dá sí i.

Ní London, ilé aṣòfin kékeré fọwọ́ sí àbádòfin tí yóò fòfin de kíkó irú orí àti awọ bẹ́ẹ̀ wọ Britain ní oṣù Kẹta 2023, ṣùgbọ́n ó há sí ilé àwọn Lọ́ọ̀dù. Ẹgbẹ́ òṣèlú Labour tún fi kún ìlérí ìdìbò wọn ní 2024. Ọdún yẹn kan náà ni mínísítà kan ní Botswana, tó bá Namibia pààlà, ní òun á fi 10,000 erin ránṣẹ́ sí Hyde Park kí àwọn ará Britain lè mọ bí ó ṣe ń rí láti bá wọn gbélé. Ààrẹ wọn nígbà náà, Mokgweetsi Masisi, fi kún un pé Jámánì máa gba 20,000. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n inú ń bí wọn.

Bí ẹnì kan bá gbé ìwé ìfọwọ́sí wá bá yín ní ọgbà yunifásítì láti tako ọdẹ yìí, ẹ lè buwọ́ lù ú o. Èmi náà ò rí ìdí tí èèyàn fi máa yìnbọn fún erin láti gbé eyín rẹ̀ kọ́ ara ògiri. Ẹ kàn bi onítọ̀hún bóyá ó ti gbọ́ orúkọ Nyae Nyae rí, àti owó wo ló fẹ́ fi rọ́pò.

Lóru, erin máa ń wá sí abúlé níbẹ̀ láti mu omi. Bí kò bá rí omi tó, ó lè fa páìpù tu, kó da táǹkì wó, kí gbogbo abúlé jí sáìrí omi. Ìdí nìyẹn tí ògiri òkúta fi yí ẹ̀rọ omi ká ní àwọn abúlé Nyae Nyae kan.