Kí Àlọ́ Ìyá Àgbà Má Bàa Wọ Bàálù Lọ

Ilé kan wà lókè àríwá Kánádà níbí tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, nítorí a rò pé ẹgbẹ́ wa lè fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Dawson ni ìlú náà ń jẹ́, ní Yukon. Ìlú kékeré tí òtútù rẹ̀ ń wọ egungun ni. Arábìnrin Laura Berton, olùkọ́ ọmọ jẹ́léósinmi, dé ibẹ̀ ní 1907. Ibẹ̀ ni Pierre ọmọ rẹ̀, tí wọ́n bí ní 1920, ti ṣe kékeré títí wọ́n fi kó kúrò ní 1932. Pierre di òǹkọ̀wé tí gbogbo Kánádà mọ̀. Ìwé ìtàn ilẹ̀ Kánádà ló fi lókìkí, ṣùgbọ́n ìwé ọmọdé kan, The Secret World of Og, tó jáde ní 1961, ni òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn jù. Àwọn ọmọ tirẹ̀ gan-an ló wà nínú ìtàn náà.

Ní 1989, ó ra ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ó sì fi ta ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà Yukon lọ́rẹ. Láti 1996 ni àwọn òǹkọ̀wé ti ń wá gbé inú rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Wọn kì í san owó ilé. Wọ́n ń kọ ìwé wọn, wọ́n sì ń kà nínú rẹ̀ fún àwọn ará ìlú ní ilé ìkàwé.

Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Ohun tó kàn wá ni pé wọ́n ń gbé ibẹ̀. Òǹkọ̀wé tó bá wá síléèwé lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ á pàtẹ́wọ́ fún un, yóò bá wọn fọwọ́ sí ìwé, ó parí. Èyí tó bá dúró á mọ orúkọ wọn. Ọmọ tó ń tijú ní ọ̀sẹ̀ kìíní lè mú bébà tirẹ̀ wá ní ọ̀sẹ̀ kẹta.

Ní tiwa, ẹ wo àwọn ìyá àgbà. Wọ́n ń ti ilé wá bá wa tọ́mọ, wọ́n á lo bí oṣù mẹ́fà, wọ́n á padà. Àlọ́ Ìjàpá kún inú wọn bámúbámú. Àwa wà níbi iṣẹ́, ọmọ wà nídìí tẹlifíṣọ̀n, àlọ́ náà á sì bá wọn wọ bàálù padà. Bí òǹkọ̀wé bá wà láàrin wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré nígbà ìsinmi, ìyá àgbà á máa pàlọ́, ọmọ á máa kọ ọ́, òǹkọ̀wé á máa tọ́ ọmọ sọ́nà. Àwọn kan á ní ọmọ kò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Kó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ibi tí kò bá mọ̀. Orin àlọ́ ni kó fi sílẹ̀ ní Yorùbá.

A kò ṣaláìní òǹkọ̀wé. Àwa tí a ka Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ mọ ohun tí ìwé ọmọdé ń ṣe lọ́kàn ẹni. Lóde òní, Àtinúkẹ́, tí wọ́n bí n'Íbàdàn, tó ń gbé ní Wales, apàlọ́ ni kí ìwé rẹ̀, Anna Hibiscus, tó jáde ní 2007.

Owó dà? Iṣẹ́ ìṣirò owó la ń ṣe jẹun, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ohun mẹ́rin ni: ibùgbé, oúnjẹ, ọkọ̀, owó iṣẹ́. Ìdílé tó ní yàrá òfìfo lè gba àlejò. Àwọn ìyá lè pín oúnjẹ ṣe. Ó ku ọkọ̀ àti owó iṣẹ́, a kò sì gbọdọ̀ ní kí òǹkọ̀wé bá wa ṣe é nítorí Ọlọ́run. Bí a bá dín owó gbọ̀ngàn àti olórin kù nínú àríyá ìparí ọdún kan péré, ibẹ̀ la ti máa rí i. A ó gbé àbá yìí wá sí ìpàdé gbogbogbòò. Ẹ wá sọ tẹnu yín.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má dúró dè wá. Kí ìyá àgbà tó padà sílé, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó pàlọ́ kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ mú un wá sí ìpàdé. A ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn yìí, pẹ̀lú orúkọ yín àti ti ìyá àgbà lábẹ́ rẹ̀.